Bálùwẹ̀ Ìyá Mi ní Òkukù

Ìyá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti dẹ́kun oúnjẹ. Àwọn adìẹ ló tú àṣírí rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Òkukù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rìn wọ agbolé wa, mo sì bá adìẹ rẹpẹtẹ lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, gbogbo wọn gbójú sókè. Kò pẹ́ tí ọwọ́ ìyá mi yọ jáde. Ẹ̀bà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ti tẹ̀ fún un láàárọ̀ ló ń já sílẹ̀ fún wọn, òkèlè kan tẹ̀lé òkèlè kan. Ó rí mi, ojú kò tì í. Ó ní, "Káàbọ̀. Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé ò yọ ọ́ lẹ́nu?"

Eegun ìbàdí rẹ̀ ló ti kán. Bálùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí kò ní òrùlé, tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ ti dán bí àwo, ibẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú. Ilé ìwòsàn tún un ṣe níwọ̀n bí agbára wa ṣe mọ, wọ́n fún un ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò máa fi rìn, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ lóṣòó mọ́ láyé. Ìkìlọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ṣáláńgá ni a ní lágbolé wa, ẹni tó bá sì fẹ́ lo ṣáláńgá, àfi kó lóṣòó. Nítorí náà, gbígbé ni wọ́n ń gbé ìyá mi lọ. Ìyàwó ilé méjì á dì í mú lápá, ẹ̀kẹta á gbé ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn obìnrin bá lọ sọ́jà, ọmọkùnrin ẹbí kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lójúde ni yóò nu epo ọwọ́ rẹ̀, tí yóò wá pọ̀n ọ́n. Obìnrin tó jẹ́ pé èmi ọmọ rẹ̀ gan-an, mi ò rí i kó wẹ̀ rí, tó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó pààrọ̀ ìró, òun ni wọ́n ń gbé káàkiri bí àpò gàrí lójú ọmọdé àti àgbà.

Mo ra póò fún un. Ó ní kí n gbé e padà fún ẹni tó tà á, pé inú yàrá tí òun ti ń tan àbẹ́là, tí òun ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, òun kò ní sọ ọ́ di ṣáláńgá. Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ ká ṣe. Ó ní òun ti ṣe é. "Mi ò jẹ, mi ò yà." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé iṣu ti wọ́n. Mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe eegun tó kán ló ń gbẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá mi ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e sọ́dọ̀ ara mi, kó gbọ́ èsì. Olùkọ́ ni mí ní Ìkìrun. Yàrá méjì ni mo háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀, gbogbo ayálégbé la sì jọ ń dúró lórí ìlà láàárọ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní ilé ọkọ òun ni òun yóò kú sí. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú? Ó ní òun ni.

Yàrá kékeré kan fara ti yàrá rẹ̀. Àgbàdo, ìkòkò àti àga tó ti dá lẹ́sẹ̀ la ń kó sí i. Bí a bá lu ògiri àárín, tí a fi ilẹ̀kùn sí i, ìyá mi kò ní rìn ju ìwọ̀n àtibùsùn dé fèrèsé lọ. Èrò náà dùn mọ́ mi débi pé mo ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì. Mo pe bíríkìlà kan láti Inísà, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó wọn ibẹ̀, ó kan sáárá sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a óò rà: sìmẹ́ńtì, yanrìn, bulọ́ọ̀kù tí a óò fi mọ sọ́kàwéè tí ìgbẹ́ yóò máa ṣàn sí sẹ́yìn ilé, páìpù, táìlì, táǹkì, ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi kànga. Ó kà á títí mo fi jókòó.

Láti ọjọ́ náà, ìṣirò di iṣẹ́ mi kejì. Mò ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, mò ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwàásù ń lọ, mò ń ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ iṣẹ́ tí mo fún wọn. Mo yá owó kọ́párétíìfù, mo kó àjọ tí kò tíì kàn mí lẹ́yìn tí mo ti bẹ obìnrin tó kàn, síbẹ̀ owó náà kò débì kankan. Mo yọ ẹ̀rọ omi kúrò. A óò máa fi garawa da omi. Mo yọ táǹkì. Mo yọ táìlì ara ògiri, mo dá a padà, mo tún yọ ọ́. Bí mo bá sì ti yọ nǹkan kan báyìí, sìmẹ́ńtì á gbówó lórí, á kó gbogbo ohun tí mo rò pé mo fi pamọ́ jẹ. Ohun méjì péré ni mo kọ̀ láti fọwọ́ kàn: táìlì tí kì í yọ̀ fún ilẹ̀, àti irin tí yóò máa dì mú lára ògiri.

Ó wá ku àwo ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́tà sísítà. Èyí tó bá kúrú jù, bíi kó lóṣòó náà ni. Mo fi ọ̀já wọn ìyá mi láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo gbé ọ̀já náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkìrun, mo sì jókòó lé gbogbo èyí tí wọ́n tò síta níkọ̀ọ̀kan, lójú títì, kí n lè mọ èyí tó ga tó. Ìyá ọmọ kan tí mò ń kọ́ kọjá, ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì dá a lóhùn lórí ìjókòó. Ìtìjú wo ló tún kù fún mi?

Bíríkìlà mọ sọ́kàwéè tán, ó lu ògiri, ó fi ilẹ̀kùn sí i. Lọ́jọ́ tó gbé dígà láti gbẹ́ ibi tí páìpù yóò gbà, kò tíì ju igun kan tó já lọ tí àbúrò bàbá mi, tí í ṣe olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, fi wọlé. Ariwo dígà ló gbọ́. Bàbá náà di ẹnu ọ̀nà mú.

"Ta ló ní kí ẹ gbẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni o, Bàbá. Ìyá mi ni mò ń ṣe bálùwẹ̀ fún."

"Ìyá wa ló wà níbẹ̀."

Bíríkìlà gbé dígà sílẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.

Mo mọ̀ pé inú ilé ni wọ́n sin ìyá bàbá mi sí. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀ ilé náà kí n tó gbọ́njú, kò sì sí ẹni tó nawọ́ sí yàrá kan hàn mí rí. Mo ti bá àwọn ọmọ agbolé ṣeré bojúbojú nínú yàrá náà. Mo béèrè iye gbogbo nǹkan láti Inísà dé Ìkìrun, mi ò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi pé kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbẹ́. Mo wọlé lọ bá ìyá mi, mo ní ṣé ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. "Mo rò pé ẹ ti jọ sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ onílé. Ìyàwó ni mí níbí. Ṣé èmi ni n óò máa júwe sàréè fún yín?" Orí mi gbóná. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ẹkún ló jáde.

Iṣẹ́ dúró. Ihò wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn wà lára ògiri, wọ́tà sísítà funfun jókòó sójúde, ewúrẹ́ ń fara họ ọ́. Sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù ń dì nínú àpò. Bíríkìlà pè mí lórí fóònù pé òun ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Ìgbàyè, pé owó tí òun gbà sílẹ̀, òun ti ná an. Ìyá mi sì ń kéré sí i. Omi pàápàá, ó ń fẹnu kàn án ni, á gbé ife sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, awọ náà kò tètè padà sípò. Ó mi orí, ó ní bí kò bá mu omi, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Mo bẹ ìyá mi. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní èmi náà kò ní jẹun mọ́ títí òun yóò fi jẹ. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kò burú. Ó ti yẹ kí o fo oúnjẹ díẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo fi ń padà sí Ìkìrun lọ́jọ́ náà, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ṣírò owó ìsìnkú. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀ ní Inísà, mo dúró lójú títì bí ẹni tó sọnù, mo sì wọ bọ́ọ̀sì mìíràn padà sí Òkukù.

Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni mo gbà lọ tààrà, mo kúnlẹ̀, mi ò dìde. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà yòókù, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́nu yàrá ìyá mi. Wọ́n bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní kí n kọ́ ọ sẹ́yìnkùlé. Mo ní owó ti tán, bí owó bá sì wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e débẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ yé wa," ni olórí ẹbí wí. "Ṣùgbọ́n a ò lè máa yàgbẹ́ lé ìyá wa lórí."

Inú bí mi, mo sì gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ṣì lè lóṣòó, ó rọrùn fún yín láti sọ." Mo mọ̀ pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ bá mi ká kọ́tìnnì yẹn sókè." Ohùn ìyá mi ló ti inú yàrá wá. Mo ká a. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ti wé gèlè. Ẹgbẹ́ ni òun àti olórí ẹbí, ṣùgbọ́n ọkọ ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé bí ìyàwó.

"Ọkọ mi, kí ló pa ìyá yín?"

"Ẹsẹ̀ wọn tó wú ni."

"Ẹsẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin wà lóko nígbà náà. Èmi ni mò ń pọ̀n wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, láàárọ̀, lálẹ́, òjò ì báà máa rọ̀. Ìgbà tó yá, oyún hàn lára mi. Wọ́n wo inú mi, wọ́n ní kí n má pọn àwọn mọ́. Mo ní ta ni yóò wá pọ̀n yín? Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti jẹun mọ́. Ẹran ìgbẹ́ tí ẹ̀ ń pa wá fún wọn láti oko, èmi ni mo jẹ ẹ́. Wọ́n á ní kí n jẹ ẹ́ lójú àwọn, pé ti ọmọ inú mi ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ. Ebi ló pa ìyá yín, ọkọ mi."

Èmi ni àkọ́bí ìyá mi. Kò lóyún kankan ṣáájú tèmi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́tìnnì lọ́wọ́, mi ò lè jù ú sílẹ̀.

Olórí ẹbí ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìyàwó, o ò jẹ́ kí á mọ̀."

"Wọ́n ní kí n má sọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pe bíríkìlà ní Ìgbàyè. Ohun tó sọ fún un, mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dé kí oòrùn tó mú. A kò gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà mọ́. Bàbá ní ká dí ihò, ká kó yanrìn lé gbogbo rẹ̀ kó ga sókè, kí páìpù gba inú yanrìn já síta lára ògiri lọ sínú sọ́kàwéè. Òun ló san owó yanrìn, òun náà ló sì fi bàsíà da ti àkọ́kọ́ sí i. Nítorí pé ilẹ̀ ti ga, a ní láti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn kí irin ìyá mi lè gùn ún. Kò sí táìlì lára ògiri, kò sí sílìnì, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ kan kò tilẹ̀ bá ti ìkejì mu. Kò rẹwà.

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ tán, ìyá mi ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀lé e. Ó ní ibo ni mò ń lọ? Ó pa ilẹ̀kùn dé, mo sì gbọ́ tó tì í láti inú. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé etí lé pákó, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ṣubú. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, jẹ́jẹ́, irú ohùn tí ìyàwó fi ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ká ní irú èyí wà nígbà yẹn ni, ẹ̀ bá jẹun."

Mo kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo lọ dáná.