Orin Tí Mo Tọ́ Wò Tí Mi Ò Gbọ́

Ọjọ́ tí Ìyá Ràbí wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Petit Marché, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún. Olè ló já fóònù ọkọ rẹ̀ tó ti kú gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà Harobanda.

"Lásísì, fóònù kọ́ ló ń dùn mí. Orin kan wà nínú ẹ̀ tí Bàbá Ràbí máa ń gbọ́ lọ́sàn-án nígbà àìsàn ẹ̀. Ó ti ń yọ́ kúrò létí mi. Tóò bá bá mi wá a, màá gbàgbé ẹ̀."

"Kí lorúkọ orin náà, Màmá?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tẹ̀."

Ó fi imú kọ ọ́ fún mi, mo sì mọ àwọn tó ni ín. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó orin sínú mẹ́mọ́rì fóònù fún oníbàárà. Ẹgbẹ́ òyìnbó kan ni, dùùrù oníná ni wọ́n fi ń ṣe orin. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn a rọ́pò, wọn ò sì yé gbé àwo jáde. Àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ làwọn èèyàn ń béèrè. Àwọn tó tẹ̀ lé e pọ̀ bí nǹkan míì, tíṣà Faransé kan ló kó gbogbo wọn fún mi nígbà tó ń lọlé. Mi ò tẹ́tí sí wọn rí. Ta ni yóò rà á?

Ohun kan wà tí à ń pè ní ìtọ́wò nínú iṣẹ́ wa: wàá tan orí orin, wàá ka ení dé ẹ̀wá, wàá kọjá sí òmíràn, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, mo máa ń fọ́nnu pé kò sórin tí mi ò lè dá mọ̀ kí n tó kà á tán. Ọjọ́ méjì ni mo fi tọ́ gbogbo wọn wò. Mi ò rí i.

Nígbà tí Màmá padà wá láti ilé ẹ̀ ní Banifandou, ó béèrè pé, "O gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán?"

"Gbogbo ẹ̀, Màmá."

Ó tún fẹ́ fi imú kọ ọ́. Ó dé àárín, kò rí ìyókù mọ́. "Ó ti lọ nìyẹn," ló wí, ó bú sẹ́kún.

"Kala suuru," ni Hàmáánì wí fún un, ará Zarma tó ń ta àlùbọ́sà níwájú mi. Bí wọ́n ṣe ń ní kéèyàn ṣe sùúrù níbí nìyẹn. Ojú tì mí gan-an, torí irọ́ ni mo pa fún opó náà.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń jẹ́ kí orin kọ̀ọ̀kan parí. Háà, mo jìyà! Mo bú àwọn olórin náà títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èmi náà ni mo ń ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má dí mi lọ́wọ́. Àwo kan wà tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti kú tán. Ariwo bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ kà dé ẹ̀rin tí mo fi fò ó nígbà àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ náà ń fẹ́, ó ń fẹ́, ó tó kí ìrẹsì jinná, ni orin Ìyá Ràbí bá jáde. Mo figbe ta. Hàmáánì rò pé olè ti dé.

Mo ránṣẹ́ pe Màmá, takisí ló wọ̀ wá. Mi ò dán an wò pé kí n fò dé ibi tó dùn. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo tan án. Nígbà tí orin náà dé, ó fi gèlè bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Bí orin náà ṣe ń rọlẹ̀, mo nawọ́ láti pa á, mo rò pé ó ti rí ohun tó ń wá. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Ibí ni oorun máa ń gbé Bàbá Ràbí lọ, èmi a sì pa fóònù kó má baà jí. Mi ò gbọ́ òpin ẹ̀ rí."

A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, títí ó fi tán.