Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Tíṣà Ìbà

Ìyáàfin Ọláwùmí Ògúnlànà ti kú. Inú gbọ̀ngàn kan ní Okokomaiko ló kú sí lọ́sàn-án gangan, níbi sẹ́mínà tí wọ́n fi dandan pe àwọn tíṣà sí, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa láti ìta. Kì í ṣe nítorí olè ni wọ́n ṣe tì í o. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kò tíì dé ni, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn tíṣà tébi ń pa sá lọ sílé, kí àlejò pàtàkì má baà wá bá àga òfìfo.

Mo mọ obìnrin yìí. Ọmọ mi kejì wà ní kíláàsì rẹ̀ ní Ìbà lọ́dún 1987. Ásímà ń yọ ọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ orin ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń kó àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sẹ́yìn kíláàsì kan. Ẹnìkan á máa kọ́ àwọn ọmọ, àwọn tó kù á máa wo ojú àwọn ọmọ náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yé àti ẹni tí kò yé. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, àwọn tíṣà á jókòó ti ẹ̀pà, wọ́n á jọ tú ohun tí wọ́n rí palẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo òun. "Ẹ sọ ibi tí mo ti ṣì í," ló wí, "ẹ má wo ti àgbà mọ́ mi lára." Àgbà mélòó lẹ mọ̀ nílẹ̀ yìí tó ń bẹ ọmọdé kó sọ àṣìṣe òun?

Ọ̀gbẹ́ni Àtàndá, ọ̀gá tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn tíṣà, wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ojú rẹ̀ le koko.

"Madam, ta ni alága yín? Tábìlì àwọn ọlọ́lá ńkọ́? Èyí kì í ṣe sẹ́mínà o!"

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn ọmọ yìí lọlọ́lá wa."

Àtàndá fòfin de ọjọ́ Jímọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn rẹ̀ ni gbogbo tíṣà gbọ́dọ̀ lọ. Kí ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀? Bí a ṣe ń dìde fún alága, bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iná ò sí, páànù orí gbọ̀ngàn ń jó wọn bí iná ààrò. Èémí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Christiana, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gba àárín irin ojú fèrèsé pariwo sí Àtàndá tó dúró níta.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣílẹ̀kùn! Mummy Bọ́lájí ò lè mí mọ́!"

"Ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù jàre. Chairman ti wà ní Ìyànà-Ìbà."

Alága náà kúkú dé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn tó wà níwájú, tí wọn ò mọ̀ pé ẹnìkan ti kú lẹ́yìn wọn, dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Níbi ìsìnkú, Àtàndá dé dígí dúdú sójú, ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣé Ọlọ́run ló ti ilẹ̀kùn ni? Àpò sòkòtò Ọlọ́run ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ojú ò tilẹ̀ tì í, ó tún kéde pé sẹ́mínà ìrántí olóògbé ń bọ̀, nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà!

Mi ò ní fi Àtàndá lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀, ilé ẹjọ́ sì wà ní Ọ̀jọ́. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀. Kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Kí ọlọ́pàá mú un, kí wọ́n má fún un ní àga bó bá dé àgọ́ wọn. Kí wọ́n dá ọjọ́ Jímọ̀ àwọn tíṣà padà fún wọn. Kí wọ́n sì mú un lọ síwájú Bọ́lájí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí olóògbé bí, kó wo ojú rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé: "Mo gbọ́ pé ìyá rẹ ò lè mí. Mi ò ṣílẹ̀kùn."