Sùlàímọ́nù Awakọ̀ Wọ Kíláàsì

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá, Ọ̀gá Hezekiah Adébíyì, olórí ẹ̀ka wọn, sunkún lórí pèpéle. Ó ní kò sí ohun tó dun òun láyé bíi kí àgbàlagbà má mọ̀wé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì. Àwọn tó mọ̀wé ló jókòó síwájú. Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣe é ló ń to àga.

Sùlàímọ́nù, awakọ̀ Ọ̀gá Adébíyì, wà lára àwọn tó ń to àga. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Kuje ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò mọ̀wé, nítorí ọlọ́gbọ́n ni. Bí Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni yóò fi fèsì. Ọkọ rere, ohun gbogbo ló ń dùn mọ́ ọn nínú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí di ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé bàbá òun ti kú. Sùlàímọ́nù fi ojú ẹ̀rín ránṣẹ́, ó sì fi àwòrán ẹni tó ń jó lé e.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn àna rẹ̀ níbi ìsìnkú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Jàbárù, alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bèèrè ẹni tó fẹ́ wọ kíláàsì, Sùlàímọ́nù ló kọ́kọ́ nawọ́.

Àdéhùn ẹgbẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ ni pé láti aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kíláàsì ni. Ṣùgbọ́n bí aago méjì bá ti lù, gbogbo iṣẹ́ ìlú á di kánjúkánjú. Ilẹ̀ tó ti dọ̀tí láti àárọ̀ á fẹ́ gbígbá. Ọ̀gá Adébíyì elẹ́kún á rántí pé ìyàwó òun fẹ́ lọ ṣe irun ní Life Camp. Kíláàsì á sì ṣófo.

"Ẹ̀yin bàbá, ṣé àga ni kí n máa kọ́ ni?" Hadassah, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn, bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ dé ìpàdé ẹgbẹ́. Jàbárù, tó mọ "a ò ní gbà" í pariwo ju bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe lọ, ní kí àwọn kọ̀wé sí ọ̀gá.

Sùlàímọ́nù dìde. "Alága, ta ni yóò kọ ọ́ nínú wa? Ẹ jẹ́ ká kàn lọ jókòó sí kíláàsì."

Wọ́n fẹnu kò sí i. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá pè é. "Sùlé, gbé mọ́tò, ó di Life Camp."

"Ẹ má bínú, sà. Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀."

"Kíláàsì wo?"

"Èyí tí ẹ sunkún sí, sà."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ lórí tábìlì. Ó lọ sí kíláàsì, ó sì jókòó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wakọ̀ jáde. Ó fi mọ́tò ha òpó géètì díẹ̀ kó tó rí ọ̀nà lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Sùlàímọ́nù ka orúkọ Ìbídùnní láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iléeṣẹ́ ní kí Sùlàímọ́nù wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Gbogbo kíláàsì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Jàbárù rí bí èrò ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn òun, ó di akin, ó sì ka àdéhùn sí iléeṣẹ́ létí. Àwọn ọ̀gá ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ mú kíláàsì náà ní òkúnkúndùn. Láti ìgbà náà, aago méjì ọ̀sán ti fara balẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Adébíyì kò gbádùn mọ́tò mọ́. Sùlàímọ́nù ń rọra wa á lọ, ó ń ka lẹ́tà gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oúnjẹ, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

"Sùlé, panu mọ́, kó o sáré díẹ̀."

"Iṣẹ́ àmúrelé ni, sà," ló fèsì, ó sì tún tẹ bíréèkì, nítorí pátákó ńlá kan ń bọ̀ níwájú.