Alàájì Gàníyù, Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà Sínú Ìwé

Bí o bá dárúkọ olóògbé Alàájì Gàníyù Oyèkọ́lá láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Warri, ọ̀rọ̀ eyín ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Wọn á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò pàtàkì ti Èkó wá sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, níbi tí Gàníyù ti jẹ́ akọ̀wé. Obadiah, ọ̀gá àgbà wọn, fẹ́ fi ìwé atọ́nà tí Gàníyù kọ yangàn. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó ṣí ìwé náà, gbogbo ènìyàn sì gbójú sókè. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ìlà sì wà nídìí rẹ̀. Ó ní bí ohunkóhun bá rú ènìyàn lójú, kó tẹ ibẹ̀. Obadiah tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fóònù ti ń pe ẹnì kan. Ohùn obìnrin gba gbogbo yàrá náà kan:

"Bàbá Zulaikha! Mo mọ̀ pé ẹ ó pè! Eyín yín wà nínú ife lórí fíríìjì. Ṣé kí n gbé e fún oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá ni, àbí ẹ̀ ń bọ̀ wá mú un?"

Gbogbo ojú yí sí Gàníyù. Láti àárọ̀ ni àwọn àlejò ti ń yìn ín pé àgbàlagbà yìí mọ̀wà hù, kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó dìde, ó tẹrí ba fún wọn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ láìla ẹnu.

Shakirat, ìyàwó rẹ̀, ló ni ohùn yẹn. Bí ọkọ rẹ̀ ti wọlé wọn ní Deco Road nírọ̀lẹ́, ó ti ká ọwọ́ sáyà dè é.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi nọ́ńbà mi sínú ìwé oníwèé?"

Gàníyù kọ́kọ́ lọ síbi fíríìjì, ó fi eyín rẹ̀ sẹ́nu, ó wá yíjú sí i. "Nígbà tí nǹkan bá rú èmi gan-an lójú, ta ni mo máa ń pè?"

Shakirat tú ọwọ́ sílẹ̀ láyà. Ló bá lọ bu oúnjẹ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Obadiah pè é wọ ọ́fíìsì. "Alhaji, this your blue-blue don do. Before Friday, comot everything."

"Oga, which one? Dem no be the same o."

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í ka líǹkì, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ búlúù tí a ń tẹ̀ wọ̀nyẹn, lórí ìka. Ọ̀kan wà tó ń gbé ènìyàn láti ojú ìwé kan dé òmíràn nínú ìwé kan náà, bí ẹni tó ti pálọ̀ bọ́ sí yàrá. Ọ̀kan ń ṣí fáìlì mìíràn nínú kọ̀m̀pútà kan náà, ìyẹn dà bí ìgbà tí a yà sílé ẹ̀gbọ́n ẹni nínú agbo ilé. Ọ̀kan ń jáde pátápátá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ti di ìrìn àjò. Òmíràn ń ṣí ímeèlì sílẹ̀ kí o lè kọ lẹ́tà. Èyí tó kù ló ń pe fóònù.

"Na only that last one offend you," ó parí rẹ̀. "You wan kill the whole family?"

Obadiah ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Friday. If not, carry your load go house."

Shakirat bẹ̀ ẹ́ títí lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kó yọ wọ́n. Zulaikha, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣì wà ní yunifásítì, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì gbójú lé. Gàníyù ní ẹni tó bá dí ọ̀nà tó fọwọ́ ara rẹ̀ là, òpònú ni.

Ní Tọ́sìdé, wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn jáde ní èbúté, òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì ní àfi kóun rí lẹ́tà àṣẹ kan tó ti lé lọ́dún méjì. Wọ́n tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, eruku bò wọ́n, wọn ò rí nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ náà ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ni Obadiah bá já kọ̀m̀pútà Gàníyù gbà, ó tẹ "bẹ́ẹ̀dì" nínú àkójọ iwájú ìwé atọ́nà náà. Wéré, ó bá ara rẹ̀ ní ojú ìwé kọkànlélógójì. Ó tẹ orúkọ ilé ìwòsàn náà níbẹ̀, lẹ́tà ọ̀hún gan-an sì là gbàgà. Òṣìṣẹ́ náà sọ báàgì kalẹ̀. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, bẹ́ẹ̀dì ti jáde.

Obadiah fi ọwọ́ ha orí. "Alhaji, leave dem. But abeg, comot Madam number."

Gàníyù yọ ọ́ lóòótọ́. Nọ́ńbà Obadiah ló fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí wáásáàpù: àbọ̀ ìpàdé wà níbí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Alága wọn, Àlíyù, pè é.

"Alàájì, fóònù ní òun ò rí fáìlì náà."

"Báwo ni yóò ṣe rí i? Inú kọ̀m̀pútà tèmi ló wà."

"Ẹ ò wá fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́?"

Gàníyù mọ̀ pé òun ló ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ jáde ni ìṣòro. "Líǹkì náà ò ní àléébù kankan. Ẹ̀yin lẹ ò sí níbi tó wà. Ẹ máa bọ̀."

Nígbà tó di Sátidé kejì, Àlíyù àti àwọn mẹ́rin mìíràn wá. Shakirat dín dòdò, ó fi ẹja sí i. Àlíyù jókòó, ó tẹ líǹkì, àbọ̀ ìpàdé ṣí. Wọ́n kà á dé ìlà tó kẹ́yìn: ìpàdé tó ń bọ̀ yóò wáyé ní ilé Alàájì Gàníyù, ní Sátidé yẹn gan-an, aago mẹ́rin. Àlíyù wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ Lucy tó ń ta ẹja ní ọjà Pessu tún wà níbẹ̀. Gàníyù bá a ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù. Àwòrán ẹja ló pọ̀ nínú rẹ̀, bí o bá sì tẹ àwòrán kan, yóò gbé ọ lọ sí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń sè é. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan ni Lucy já wọ Deco Road pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lọ́rùn.

"Alhaji! My customer press catfish, na wig e see!"

Gàníyù fúnra rẹ̀ tẹ ẹja àrọ̀. Irun àtọwọ́dá jáde, gígùn, dúdú, ó ń dán. Ó mí kanlẹ̀.

"Lucy, no vex. Na another person house I send dem go. The person don pack, another person don enter."

"I no vex o," ni Lucy wí. "Three of dem don already ask me how much be the wig."

Ní ọdún tó kọjá ni Gàníyù kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Obadiah wá kí Shakirat, ó ní òun fẹ́ tù ú nínú, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn eyín. Lucy tó wà níjòókòó di ọwọ́ mọ́ ẹnu. Shakirat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé àárọ̀ Sátidé ni àárò Gàníyù máa ń sọ ọ́ jù. Ní gbogbo ìgbẹ̀yìn ayé ọkọ rẹ̀, bó bá ti mu tíì rẹ̀ tán ní Sátidé, yóò máa tẹ gbogbo líǹkì tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó ṣì ń ṣí. Láti ilé ìdáná ni Shakirat yóò ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ó wà. Ó wà. Ìwọ ńkọ́? Ó wà." Bí ẹni tó ń kí ará àdúgbò láti ojúlé dé ojúlé.

Ní Sátidé kan, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ó po tíì, ó gbé e síwájú kọ̀m̀pútà, ó sì jókòó. Ìka rẹ̀ kò yá. Ó tẹ èkíní, ó ṣí. Ó tẹ èkejì. Nígbà tó dé ìkẹtàlá, ìyẹn ojú ìwé ilé kéwú àwọn ọmọdé, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Ó pe Àlíyù pé kó fún òun ní àdírẹ́sì tuntun.

"Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Zulaikha?" ni Àlíyù bi í, ó sì ka àdírẹ́sì náà fún un. Ló bá rántí ọjọ́ dòdò. Shakirat náà ní tòun láti sọ. Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, ẹ̀rín ń bí ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n máa fi kí ara wọn pé ó dàbọ̀, tíì ti tutù, oòrùn sì ti dé orí tábìlì.

Shakirat gbé ọwọ́ lé kọ̀m̀pútà. Ìgbà náà ló rí i pé òun ò kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ rárá.

Ó tún pè é.