Bàbá Ẹ Ti Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi kú ní Gonzagueville, nílẹ̀ òkèèrè tí a ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà nílé ìwé. Nígbà tó dé tó ń wá bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Sọ fún un pé ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọdé ni, á gbàgbé.” Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé nìyẹn, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn. Mo pa irọ́ náà, mo tún bù kún un pé yóò ra bàtà bọ̀ fún un. Ọgbọ́n ni mo pè é nígbà yẹn.

Mo gbàgbé pé ìdíkọ̀ Adjamé ni mo ti ń tajà, níbi tí àwọn ará wa ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì ń dé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ni ọmọ náà ń pè bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, á ní, “Tọ́ntọ́n, ṣé ẹ rí pàpá mi?” Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní ó ń kí i. Ọdún kan kọjá báyìí. Kò sunkún rí, mo sì ń yangàn pé ọmọ mi lọ́kàn. Àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, pàápàá àwọn tí bàbá wọn bá wá mú wọn.

Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Níwájú mi ló ti fi pẹ̀lẹ́tù bi í pé kí ló ń dùn ún nínú. Ọmọ mi ò wò mí. Ó ní, “Inú ń bí mi sí pàpá. Ó ń kí mi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wá. Kò fẹ́ràn mi mọ́.”

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Nígbà tí ọmọ jáde, mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́ náà. Kò bá mi wí. “Madáàmù, ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ á sunkún, ẹ á sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èyí tó rò pé wọ́n kọ òun sílẹ̀, ìjà ló ń jà. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún un.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́. Mo ní bàbá rẹ̀ ti kú, pé inú èmi náà bàjẹ́, pé ó lè sunkún. Ó ní, “Ṣé kò bínú sí mi?” Mo ní rárá. Ẹkún tó sun, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọdé rí, èmi náà sì sun tèmi tí mo ti ń gbé mì láti ọdún kan.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé òótọ́ lè bá irọ́, kó má sì lè tún ohun tí irọ́ ti bàjẹ́ ṣe. Ọmọ mi ti dàgbà. Kì í jà mọ́. Tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mò ń lọ ra obì ní Anyama, á bi mí pé, “Ṣé òótọ́ ni?” Mo máa ń ní òótọ́ ni. Kì í jẹun títí mo fi máa padà wọlé.