Mummy Wo?

Agídí mi ló kó bá mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn níbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni mo fẹ́ dá lẹ́bi.

Ọkọ mi ti lo bí oṣù mẹ́jọ ní London, ó ń kàwé, ó sì ní kí èmi àti àwọn ọmọ wá bá òun lo ọdún méjì tó kù. Ọmọ méjì la ní. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Èmi ni mo bí ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí obìnrin, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà lóṣù mẹ́ta. Bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí i. Èmi ni mo fi ìgò bọ́ ọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n wọ ilé ọkọ ní Ìkòsí. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi wà lára ògiri pálọ̀, a sì máa ń sọ fún un pé, "Mummy ẹ tó wà lọ́run nìyẹn." A ò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n èmi ni Mummy.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù físà dé ọwọ́ mi, ọkọ mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ti ọmọ wa obìnrin, níìsì ni kó o kọ o, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Má kọ dọ́tà. Tàbí kó o kọ́kọ́ lọ gbàwé ìgbàtọ́ ọmọ nílé ẹjọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. "Ẹ" ni mo fi máa ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, "o" ni mo fi bá a sọ ọ́. "Kí ni wọ́n ń pè ní níìsì nílé bàbá ẹ? Ta ló ń gbàwé lórí ọmọ ara rẹ̀?"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọmọ ẹ ni. Àmọ́ nínú ìwé tiwọn..."

"Ìwé tiwọn ò pọ̀n ọ́n!" Mo pa fóònù. Mo kọ dọ́tà, mo sì tún fi bírò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kó dúdú dáadáa.

A bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ìyá mi tó ń bá wa gbé máa ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12, ó bá yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jà ká lè máa wọn àpótí. Gbogbo ìgbà tí a bá wọ̀n ọ́n ló máa ń tẹ̀wọ̀n jù, torí ìyá mi á tún ti ti ẹja gbígbẹ kan bọ̀ ọ́ lábẹ́ aṣọ. Mo ra súwẹ́tà òkìríkà fún àwọn ọmọ ní Kẹtu. Ọmọbìnrin mi wọ tirẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó ní, "Mummy, mo ń fi kọ́ra ni." Ó ní báàgì kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó yọ fọ́tò lára ògiri, ó fi síbẹ̀, ó ní kò dáa ká fi Mummy ọ̀run nìkan sílé fún ọdún méjì.

Ọjọ́ tí a lọ fún físà, obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi òyìnbó béèrè pé, "Mummy rẹ dà?"

Ọmọ mi wò mí, ó wo obìnrin náà. Ó ní, "Mummy wo?" Ó ṣí báàgì, ó gbé fọ́tò jáde. "Ṣé èyí ni, àbí àwọn yìí?"

Ọmọ ò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Wọ́n fún èmi àti ọmọkùnrin ní físà. Wọ́n ní ti ọmọbìnrin, irọ́ la pa pé dọ́tà mi ni.

Ó yẹ kí n jókòó sílé. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n a ti san owó ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo ẹbí sì ní kí n máa lọ, pé láàárín oṣù mẹ́ta ọmọbìnrin náà á tẹ̀ lé mi. Ìyá mi ní kí ọmọ má rí wa nígbà tí a bá ń lọ. Ó mú un dání lọ ra ẹja ní Agboyi. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, a ti lọ. Ìyá mi ló sọ fún mi lórí fóònù pé ó wọ súwẹ́tà rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹun.

Lọ́yà tí a gbà ní ká tún gbìyànjú, ká sọ òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí ọ̀rọ̀ ọmọ sì bá tiwa mu. Ni ìyá mi bá ń kọ́ ọ láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. "Ta ló wà ní London?" "Aunty mi ni." Tó bá ṣèèṣì ní Mummy, ìyá mi á ní, "Tó o bá pè é ní Mummy, wọn ò ní jẹ́ kó o lọ o!" Èmi náà gbọ́ ọ lórí fóònù, mo sì ní ó káre. Wọ́n tún dá ìwé náà padà. Wọ́n ní ohun tí a sọ tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, a padà wá sí Ìkòsí. Ọmọ mi ti ga. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Aunty."

Ìyá mi figbe ta. "Aunty báwo? Mummy ẹ nìyẹn!"

Ó yíjú sí i. "Grandma, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá pè wọ́n ní Mummy, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ bá wọn?"

Mo dì mọ́ ọn, omijé ò jẹ́ kí n ríran. Mo ní, "A ò lọ síbì kankan mọ́. Jọ̀ọ́, máa pè mí ní Mummy."

Ó ní, "Ó dáa, Aunty."