Ìpàtẹ Tó Sọ Ìyá Mi Dòkú

Àwa tí a ń kun àwòrán ní Àkúrẹ́ ní ibì kan tí a máa ń kó iṣẹ́ wa lọ lọ́dọọdún kí wọ́n lè fojú wa gbolẹ̀. Ilé kékeré kan ni, ní Alágbàká, tí àwọn ọmọ olóògbé kan yọ̀ǹda fún ará ìlú. Kò sí ẹni tó ń jèrè níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ló ń san owó iná, àwọn náà ló ń gbálẹ̀. Àmọ́ tó bá di ti ìpàtẹ ọdọọdún, wọn kì í gbojú bọ̀rọ̀. Adájọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè, àwọn adájọ́ yìí ló sì ń pinnu iṣẹ́ tí yóò gun ògiri àti èyí tí yóò bá olówó rẹ̀ padà sílé.

Wọn á fi bébà bo orúkọ tí o kọ sí igun àwòrán rẹ, wọn á to gbogbo rẹ̀ sẹ́sẹ̀ ògiri, wọn á wá ní kí àwa tí a ni ín lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, ló máa ń lé wa jáde. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn ulé, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè." Èyí tí àwọn adájọ́ kò bá mú, wọn á kọ ojú rẹ̀ sógiri. Tí wọ́n bá pè ọ́ wọlé, tí o dá ẹ̀yìn férémù rẹ mọ̀, kò sí ẹni tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé ọjà rẹ kò tà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwòrán mẹ́ta ni mo gbé lọ. Méjì nínú wọn, mo fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe wọ́n: òkè kan lọ́nà Ìlárá-Mọ̀kín ní òwúrọ̀, àti òkè kan náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta, ojú ìyá mi ni. Mo lọ kí wọn nílé ní Oǹdó, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, mo yà wọ́n sórí bébà, mo sì fi ọ̀dà parí rẹ̀ nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́. Mi ò sọ fún wọn. Mo gbé e kún àwọn tó kù nítorí pé àyè mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí a wọlé, òkè mi méjèèjì ti kọjú sógiri. Màámi nìkan ló ń wò mí. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, obìnrin kan tó ń pa aṣọ láró, sọ fún mi láìwẹ̀yìn pé òkè yẹn jọ àwòrán kàlẹ́ńdà. Orí mi gbóná. Ó ní ṣùgbọ́n ojú màmá yìí, òun kò lè kúrò níwájú rẹ̀. Orí mi tutù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní òun ni àwọn yóò fi ṣe pósítà ìpàtẹ, mo dárí ji gbogbo wọn.

Ẹni tó ń bá wọn ṣètò fi pósítà náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ojú Màámi gba gbogbo bébà. Ó fi àwọ̀ elésè àlùkò yí i ká. Lókè, ó fi lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ orúkọ ìpàtẹ lédè Òyìnbó. Nísàlẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà kékeré kan, ó kọ ọjọ́ tí yóò parí, ó wá kọ ibi tí yóò ti wáyé àti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sábẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ irú pósítà tí ìyẹn jọ. Èmi tí mo gbọ́n, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ọnà nílé ìwé girama, mi ò rí nǹkan kan. Bí iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe yọ lábẹ́ ẹyinjú yẹn ni mò ń wò. Mo dáhùn pé ó dára púpọ̀.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri Àkúrẹ́. Wọ́n kó díẹ̀ lọ sí Oǹdó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri garéèjì, níbi tó jẹ́ pé kìkì ojú àwọn tó ti papò dà ló kún ibẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, mo gbọ́dọ̀ sọ ti àbúrò Màámi. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ìlú-Àbò ni àǹtí mi yìí ń gbé, nítòsí Àkúrẹ́, iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí bàbá mi kú, tẹbí tará ló wá síbi ìsìnkú, àǹtí mi kò wá, wọn kò sì ránṣẹ́. Ìdí tí wọn kò fi wá, a kò mọ̀. Màámi ní àwọn kò ní béèrè, ẹni tó ṣẹ̀ ni yóò wá wí tẹnu rẹ̀. Àǹtí mi náà kò wá wí i. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Gbogbo ohun tí Màámi ń fẹ́ ni kí àbúrò wọn wọlé lọ́jọ́ kan, kó jókòó, kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún mi rí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ á mọ ohun tó ń dùn ún.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, àwọn ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ dé ilé wa. Láti òpópónà ni wọ́n ti ń kọ orin ìsìnkú bọ̀. Màámi ṣílẹ̀kùn, wọ́n bi àwọn ìyá náà pé, "Ta ló kú?" Ìyá tó ń lé orin jókòó sílẹ̀ gbì. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan Màámi tí wọ́n rí i pé ẹran ara ni, igbe di ẹ̀rín. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá pè lókùú láìkú, yóò pẹ́ láyé. Kí n tó gbọ́ lórí fóònù, kí n tó wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́, èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màámi ti wọ aṣọ gidi, wọ́n ń pín ohun mímu tútù. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n ní, "O pa mí tán, o tún wá kí mi kú ìnáwó. Ó dáa, báwo lo ṣe rí òkú mi? Ṣé ó rẹwà?"

Ẹ̀rín sọ. Tisà ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń di èrò mú, inú wọn sì dùn lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe rí i láti ọjọ́ pípẹ́.

Inú ẹ̀rín yẹn la wà tí a fi gbọ́ igbe láti títì. "Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò dúró dè mí!" Àǹtí mi ni. Wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá tà ní Àkúrẹ́, wọ́n rí pósítà, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò Oǹdó. Wọ́n ti tú gèlè, wọ́n fi gba ìbàdí. Omijé kò jẹ́ kí wọ́n ríran, wọ́n ti dé orí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó rí ẹni tó jókòó sórí àga.

Wọ́n di òpó mú. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wí pé, "Ẹ wà láàyè. Ẹ wà láàyè." Màámi dìde. Mo rí i tí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká ọwọ́ kò, wọ́n sì padà jókòó. Bóyá èrò tó ń wò ló fà á, bóyá ọjọ́ tí a sin bàbá mi ni wọ́n rántí, mi ò mọ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń ṣàwàdà láti àárọ̀ náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Háà, ọma ìyá mi. Ṣé o ti wá mọ ọ̀nà ilé òkú?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè bá wọn wí, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí ohunkóhun tí Màámi bá sọ, wọn kò sì mọ ohun tó wà nílẹ̀. Àǹtí mi la ẹnu. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́, ó dá mi lójú, mo tilẹ̀ sún mọ́ wọn kí n lè gbọ́. Ẹ̀rín kò jẹ́. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n tú gèlè ní ìbàdí, wọ́n we é padà sórí, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n sì lọ. Mi ò sáré tẹ̀ lé wọn, ó sì ń dùn mí títí dòní. Mo rò pé Màámi á pè wọ́n padà. Màámi náà, bí wọ́n ṣe jẹ́wọ́ fún mi nígbà tó yá, ń retí kí àbúrò wọn bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ṣí ìpàtẹ ní Alágbàká. Olórí àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀ gígùn nípa ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, wọ́n fún mi ní ipò kejì, àwọn èèyàn ń bá mi ya fọ́tò. Ohun tí mo ti ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn jókòó sábẹ́ máńgòrò retí nìyẹn, nígbà tó wá dé, ó sú mi. Òkè tí wọ́n kọ̀ ni mò ń rò. Ká ní òkè ni wọ́n mú, tí wọ́n fi òkè ṣe pósítà, ta ni ì bá ṣọ̀fọ̀ òkè? Màámi kò wá wò ó. Wọ́n ní àwọn ti rí ojú ara àwọn tó.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n pè mí lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. "Wá gbé mi lọ sí Ìlú-Àbò." Mo yá mọ́tò, mo lọ gbé wọn. Wọ́n di búrẹ́dì àti aṣọ olówó iyebíye kan sínú báàgì. A kọjá Àkúrẹ́. "Ẹyin lohùn," wọ́n ní. "Àìmọye ọmọ ni mo fi òwe yẹn kọ́."

Iwájú ilé àǹtí mi la dúró sí, Màámi kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. "Ìwọ lọ kúnlẹ̀ fún mi. Ní mo ní kó má bínú. Ní kó wá sílé, kó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́sí. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Àǹtí mi ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. "Ọma mi, kú ọ̀nà," wọ́n ní, ojú wọn sì tàn. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi láìyọ ọ̀kan kúrò. Wọ́n wo mọ́tò. Wọ́n wò ó pẹ́ débi pé mo rò pé wọ́n fẹ́ dìde. Wọ́n wá gbé mi nílẹ̀, wọ́n gbọn ìdọ̀tí kúrò lórúnkún mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́. Sọ fún wọn pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú lóòótọ́, n óò wá."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n dá aṣọ padà, wọ́n bu gàrí fún mi, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ wọn.

Mo fi aṣọ náà pamọ́ sí búùtù mọ́tò. Màámi ti sọ gíláàsì fèrèsé mọ́tò kalẹ̀ dè mí.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn á wá."

"Ó ní òun á wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Wọ́n fi ìbòrí bo ojú, wọ́n sunkún títí a fi dé Àkúrẹ́, ẹkún ayọ̀ ni.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti kun yàrá àlejò, tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé. Wọ́n máa ń pè mí pé kò tíì dé o, àbí kí àwọn tún ránṣẹ́ sí i. Mo máa ń ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. "Wọ́n á wá, Màámi," ni mo máa ń wí. "Ẹ má kánjú."